Rárá Tí Akọ̀wé Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Iṣẹ́ tí Akọ̀wé ń ṣe ni kí ó máa bi àwọn ènìyàn ní ohun tí wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n. Bí o bá ń lọ sí ìlú òkèèrè, tí o fẹ́ ìwé adójútòfò, ìyẹn ìwé tó máa sanwó ilé ìwòsàn fún ọ bí àìsàn bá dá ọ dúró lọ́hùn-ún, tó sì máa gbé ọ padà wálé, yálà o ń mí tàbí o ò mí mọ́, iwájú rẹ̀ ni wàá jókòó sí. Ọ́fíìsì náà kò ju tábìlì méjì, àga mẹ́rin, àti fáànù kan tó ń mi orí bí àgbàlagbà tí ẹjọ́ kò yé. Akọ̀wé ló ni tábìlì iwájú. Tábìlì ẹ̀yìn ni ti Ọ̀gá, obìnrin tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, tí gíláàsì rẹ̀ kì í gbé ojú bí kò ṣe góńgó imú.

Ìbéèrè kẹsàn-án lórí fọ́ọ̀mù ni wàhálà: "Ǹjẹ́ àìsàn kankan wà lára yín, tàbí èyí tí ẹ ti gba ìtọ́jú fún rí?" Ibẹ̀ ni ojú oníbàárà ti máa ń yí. Ẹlòmíràn á fi ikọ́ dáhùn. Ẹlòmíràn á ní, "Àìsàn kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ́!" nígbà tí ike oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ nínú báàgì rẹ̀. Akọ̀wé á wá gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," á ní, "bí ẹ bá purọ́ síbí, bébà lásán lẹ rà. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣubú lulẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á wo ìwé yín, wọ́n á ní ẹ ò sọ òótọ́, wọn ò sì ní dá yín lóhùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ohun ìtìjú nínú àìsàn."

Ó ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí Ọ̀gá fi máa ń fi ètè bá a sọ ọ́ láti ẹ̀yìn.

Kì í sì í ṣe ẹnu lásán ló fi ń sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí bàbá rẹ̀ di ẹrù lọ sí ìrìnàjò ọjọ́ márùn-ún, tí kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé. Ọkàn bàbá náà ti ń ṣàìsàn láti ọdún mẹ́ta, kò sọ fún ẹnì kan. Ibùdókọ̀ ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n ló ṣubú sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìyá rẹ̀ fi bẹ ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ kí òkú náà tó délé. Láti ìgbà náà ni ìyá yìí, tó ń fi aṣọ fífọ̀ àti aṣọ lílọ̀ bọ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti fi òfin lélẹ̀.

"Ẹni tó bá wù ọ́ ni kí o mú wá," ó máa ń wí. "Kó ga, kó kúrú, kó lówó, kó má lówó. Ọkùnrin tí àyà ń dà láàmú nìkan ni kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé."

Akọ̀wé ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò tíì mú ẹnikẹ́ni wá.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú fáìlì aláwọ̀ ewé lábíyá. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, ó ń ta sánsán bíi pọ́dà tí wọ́n ń fi sí ọrùn ẹni tó bá gẹrun tán. Ó kí Ọ̀gá, ó kí Akọ̀wé, ó sì kí fáànù náà pàápàá, ó ní ó jọ pé òun ló dàgbà jù níbẹ̀.

"Onígbàjámọ̀ ni mí," ó ní. "Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́yìn ilé epo. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, torí mi kì í kánjú fi abẹ kan ara ènìyàn. Àbúrò mi obìnrin bímọ lókè òkun. Mo fẹ́ lọ gbé ọmọ."

Nígbà tí wọ́n dé ìbéèrè kẹsàn-án, Akọ̀wé gbé ojú sókè, ó ń retí ikọ́ tàbí àdúrà.

"Ẹ fún mi ní bébà sí i," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Àyè yẹn ò gbà mí."

Ó ṣí fáìlì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ti la àyà rẹ̀: ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, àti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n sì ti fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Títí ayé ni yóò máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó ka gbogbo rẹ̀ jáde bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n rán an lọ rà.

"Iléeṣẹ́ mẹ́ta ló ti lé mi," ó ní. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tiẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n jókòó sílé, kí n máa wo fọ́tò ọmọ."

Akọ̀wé kò mọ ìgbà tí òun rẹ́rìn-ín. "Iléeṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé tìtorí irú yín ni wọ́n ṣe wà," ó ní. "Owó wọn ga díẹ̀, wọ́n á sì bi yín léèrè bí agbẹjọ́rò. Àmọ́ bí ẹ bá sọ òótọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí, tí dókítà yín sì fọwọ́ sí i pé ẹ lè rìn, wọ́n á gbà yín."

Wọ́n pe iléeṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì. Obìnrin kan tí kò sí ẹ̀rín lóhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ìgbà wo lẹ dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn kẹ́yìn? Irú oògùn wo lẹ ń lò? Ṣé ẹsẹ̀ yín máa ń wú?

"Ṣé ẹ lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan láìdúró sinmi?"

"Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń dúró dè mí lókè," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí, ojú Akọ̀wé ló sì ń wò.

"Ọ̀gbẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Akọ̀wé yí ojú sí fèrèsé, etí rẹ̀ gbóná.

Oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà ti òkè òkun dé, ó padà wá sí ọ́fíìsì, ó gbé ìwé adójútòfò rẹ̀ lé orí tábìlì. "Mo wá dá a padà. Mi ò lò ó."

"Wọn kì í dá a padà."

"Ó dáa. Mo tún fẹ́ rìnrìn àjò mìíràn. Ilé oúnjẹ tó wà ní ìkóríta, wákàtí kan péré. Ṣé mo nílò ìwé?"

"Ẹni mélòó ló ń lọ?" Akọ̀wé fi ojú iṣẹ́ bi í.

"Méjì, bí ẹnì kejì bá gbà."

Ọ̀gá dáhùn láti ẹ̀yìn: "Fún un níwèé, jàre, kí á lè ríṣẹ́ ṣe."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan di ọ̀sán Sátidé, ọ̀sán Sátidé di ojoojúmọ́, "ẹ" di "o". Bí Akọ̀wé kò bá rí i lọ́jọ́ kan, gbogbo orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀ tó bá kọjá lójú fèrèsé ló máa ń wò, bóyá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó fẹ́ràn bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀ láìrẹ ohùn sílẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á, nítorí ó ń rántí òfin ìyá rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ọkùnrin náà bá dúró mí kanlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, abẹ yọ̀ ní ọwọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gé e níka. Lára ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ ìṣẹ́jú kan ni. Tirẹ̀ kò dúró. Ó mú kí tówẹ́ẹ̀lì kan rin gbindin, wọ́n mú òmíràn.

"Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún mi," ó ní fún Akọ̀wé, ohùn rẹ̀ balẹ̀. "Má wo ìka. Èmi ni kí o máa wò."

Bí ìdajì wákàtí ni ó fi di ọwọ́ yẹn mú. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dá, tí ọkùnrin náà yí sí ibi ẹnu ẹ̀rọ omi láti fọ ọwọ́, ìyá àgbàlagbà kan tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá gẹrun fa Akọ̀wé láṣọ.

"Ṣé ìwọ nìyàwó rẹ̀ ni?" ìyá náà bi í. "Ó mà ṣe o. Ọmọge bí ìwọ, ìdí aláìsàn lo fẹ́ lo ayé rẹ mọ́."

"Rárá o, Ìyá," ni Akọ̀wé dáhùn. "Oníbàárà ni mí."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí ó tó mọ̀ pé òun ló sọ ọ́. Ó bojú wẹ̀yìn. Omi ń ṣàn, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò yí padà. Ó dúpẹ́ pé kò gbọ́.

Nígbà tó yá, ó mú un lọ fi han ìyá rẹ̀. Ìyá náà fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pàápàá nígbà tó rí bí ó ṣe ká ṣẹ́ẹ̀tì kan tó wà lórí àga láìjẹ́ kó rún.

"Ọmọlúàbí ni," ìyá wí lẹ́yìn tí àlejò lọ tán. "Ó kàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ó le bí ọta, Màmá."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà bi í lọ́jọ́ kejì. "O ti sọ fún Màmá nípa àyà mi?"

"Wọ́n mọ̀."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kò sí wàhálà."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ o. Mo ti ń bẹ̀rù ìyá rẹ ju dókítà lọ."

Akọ̀wé sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ òótọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, ó tún ní èyí tó tẹ̀lé e. Irọ́ kan kì í dá gbé. Ó ti fẹ́ aya, ó ti bímọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin ló wá kó gbogbo rẹ̀ síta láìmọ̀. Òun ló ṣe bàbá fún Akọ̀wé látọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú. Òkè òkun ló ń gbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, kò lè wá. Ó pè lórí fóònù: "Ẹ mú ọkọ ìyàwó wá kí n rí i, kí n fi ẹnu ara mi wúre fún wọn. Kí ẹ sì yára o, èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́." Ìrìnàjò ẹni mẹ́ta dé nìyẹn: ìyá, ọmọ, àti àfẹ́sọ́nà. Ta ni yóò bá wọn wá ìwé adójútòfò bí kò ṣe Akọ̀wé?

Ọ̀sán Sọ́ńdè ni wọ́n jókòó sí yàrá ìyá. Ìyá ti ti pákó tó fi ń lọ aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aṣọ àwọn oníbàárà sì wà lórí okùn yí wọn ká. Fọ́ọ̀mù ìdílé ni, ìwé kan fún ẹni mẹ́ta. Akọ̀wé ti pinnu pé òun á fo ìbéèrè kẹsàn-án, òun á sì kọ ọ́ dáadáa ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, níbi tí ìyá òun kò ní sí. Àmọ́ ìyá ti wọ gíláàsì, ó ń fi ìka tẹ̀lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

"O fo ọ̀kan," ìyá wí. "Kẹsàn-án. Àìsàn. Kọ ti orúnkún mi síbẹ̀, má fi pamọ́, kí wọ́n má baà ní mo purọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó yí sí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọkọ wa ńkọ́? Kí ló ń ṣe ìwọ?"

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín padà, bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tí wọ́n ti jọ mọ̀. Ó la ẹnu.

"Rárá," ni Akọ̀wé wí kíákíá. "Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ dúdú, ó gún régé: RÁRÁ.

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà díẹ̀díẹ̀. Ó wo ìyá. Ó wo ọmọ. Ó wo ìwé náà pẹ́. Akọ̀wé fi bírò lé e lọ́wọ́ kí ó buwọ́ lù ú.

"Màmá, ẹ má bínú," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí. "Mo gbàgbé gíláàsì mi sílé. Mi ò lè buwọ́ lu ohun tí mi ò rí dáadáa."

Kò ní gíláàsì rí láyé rẹ̀.

Akọ̀wé sáré bá a lójú pópó. Ọkùnrin náà kò yára rìn. Kì í yára rìn. "O ní wọ́n mọ̀," ó wí láìdúró.

"Mo fẹ́ sọ fún wọn. O ò mọ ohun tí ojú ìyá mi rí. Bàbá mi..."

"O ti sọ ti bàbá rẹ fún mi. Mo bá ọ sunkún lórí rẹ̀." Ó wá dúró. "Dókítà ti la àyà mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì rán mi padà. Ìwọ lo wá fi bírò pa mí rẹ́. Ìwọ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fi ń yangàn, pé obìnrin kan wà tó ní kò sí ohun ìtìjú nínú àìsàn. Tó bá jẹ́ pé mo buwọ́ lù ú, tí mo sì ṣubú lọ́hùn-ún ńkọ́? Ta ni wọ́n máa sọ pé ó purọ́?"

Ojú ti Akọ̀wé débi pé kò lè gbé orí sókè. Bàtà ọkùnrin náà ló ń wò, títí bàtà náà fi yí padà tó lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, iṣẹ́ di ìyà. Bàbá kan wá ní ọjọ́ Túsìdeè, ó ń gbé itọ́ mì lórí ìbéèrè kẹsàn-án. Akọ̀wé gbé bírò sílẹ̀, ó la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtijọ́, kò sí ohun tó jáde. Ọ̀gá parí rẹ̀ fún un láti ẹ̀yìn. Nígbà tí bàbá náà lọ, Ọ̀gá ti ilẹ̀kùn.

"Kí lo ṣe?" Kò ní, "Kí ló ṣe ọ́?"

Akọ̀wé sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá gbọ́ ọ títí, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀ kúrò ní imú, ohun tí Akọ̀wé kò rí i kí ó ṣe rí.

"Ká ní ẹlòmíràn ló kọ irú ìyẹn lórí tábìlì mi," ó ní, "mo ti lé e. Fọ́ọ̀mù náà dà?"

Akọ̀wé yọ ọ́ jáde nínú báàgì. Ọ̀gá fà á ya. "Èmi á lọ bá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ọ, torí irun orí mi ti funfun, kò ní lè lé mi. Ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ, o ò ní alárinà. Ìwọ lo máa gbé ẹsẹ̀ ara rẹ lọ."

Ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ nígbà tó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, nítorí kò ní ìgboyà láti jókòó. Ó sọ ti àyà tí wọ́n là, ti oògùn, ti "ó le bí ọta". Ìyá kò gbé ojú sókè. Ó lọ apá ṣẹ́ẹ̀tì kan tán, ó lọ èkejì, ó wá pa áyọ́ọ̀nù.

"Òun náà mọ̀ pé mi ò mọ̀?"

"Kò mọ̀, Màmá. Mo sọ fún un pé mo ti sọ fún yín. Ó rò pé ẹ ti gbà."

Ìyá jókòó wọ̀ọ̀. "Nígbà náà," ó ní, "ìwọ lo jọ bàbá rẹ. Kì í ṣe òun."

"Màmá, òfin yín ni mo bẹ̀rù."

"Mo mọ̀. Mo ṣi òfin ṣe." Ó ń nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ tí kò dọ̀tí. "Àìsàn bàbá rẹ kọ́ ló ba ayé mi jẹ́. Ká ní ó sọ fún mi ni, mi ò bá ti bá a gbé e. Mo rí oògùn rẹ̀ nínú àpótí lẹ́yìn tó kú tán, ó fi ìbọ̀sẹ̀ wé e. Ọdún mẹ́ta! Ẹni tí mò ń fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ó sọ mí di àlejò nínú ilé ara mi, ìwọ náà sì tún sọ mí di àlejò níwájú ọkọ rẹ. Mo ń rẹ́rìn-ín sí i lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń wò mí bí òpònú."

Akọ̀wé wólẹ̀. Ìyá kò fà á dìde. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá a sọ ju "oúnjẹ wà lórí iná" lọ.

Ọ̀gá, tó mú ọkọ rẹ̀ dání lọ, ti padà láti ọ̀dọ̀ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní tirẹ̀. "Ó gẹ orí ọkọ mi dáadáa, kò sì gbowó," ó ní. "Ó ní ìbínú òun ti rọlẹ̀. Ó ní ìbéèrè kan ló kù, òun ò sì ní gba ìdáhùn rẹ̀ lẹ́nu alárinà."

Akọ̀wé lọ. Ọkùnrin mẹ́ta wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró. Ó jókòó ṣe ìkẹrin wọn. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà fẹ́ fá irùngbọ̀n ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbà á. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò yára gẹ ẹnì kankan nítorí rẹ̀. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn lọ, ó gbálẹ̀, ó gbá irun jọ sí kọ̀rọ̀, ó wá fara ti ògiri.

"Ìyá rẹ lo bẹ̀rù ni, àbí èmi lo tijú?"

Ìdáhùn tó rọrùn wà lẹ́nu Akọ̀wé. Ẹ̀rù. Ta ni kì í bẹ̀rù ìyá rẹ̀? Ọkùnrin náà á gbà á gbọ́, bóyá á tiẹ̀ ṣàánú rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ẹ̀rù wà níbẹ̀," ó ní, "àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Mo tijú rẹ. Mò ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ìtìjú nínú àìsàn, torí pé àìsàn wọn kò kàn mí. Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀, ìyá kan bi mí bóyá ìyàwó rẹ ni mí. Mo ní rárá. Mi ò fẹ́ kí ó ṣàánú mi." Omijé ti ń bọ́. "O ò gbọ́ ọ. Èmi ni mò ń sọ fún ọ."

"Mo gbọ́," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí.

Akọ̀wé wò ó.

"Omi ń ṣàn, àmọ́ etí mi ò sí nínú omi. Mo ní bóyá ẹ̀jẹ̀ ló dẹ́rù bà ọ́. Mo ní màá dúró kí ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́." Ó ń fi ìgbálẹ̀ tẹ ilẹ̀. "Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ la àyà mi, ọdún méjì ni mi ò fi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì níwájú ẹnikẹ́ni, dókítà nìkan. Mo mọ ìtìjú. Kò ṣàjèjì sí mi. Ohun tí mi ò lè bá gbé ni ẹni tó ń tijú mi, tó ń sọ fún mi pé ìyá òun ló fà á. Ṣé ìtìjú náà ti tán?"

"Mi ò mọ̀. Ojú ara mi ló ń tì mí báyìí. Tìrẹ, mo rò pé ó ti tán. Mi ò fẹ́ búra."

Ìyẹn ni ó mú un rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn. "Má búra. Mi ò tíì ní mo gbà o. Àmọ́ màá wá rí Màmá, torí òótọ́ tọ́ sí i."

Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú fáìlì aláwọ̀ ewé rẹ̀. Ìyá nawọ́ sí àga fún un, ó sì nawọ́ sí ilẹ̀kùn fún ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, bọ́ síta."

Akọ̀wé jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé nínú oòrùn. Àwọn aládùúgbò ń kọjá. "Kí lò ń ṣe níta?" "Màmá mi ní àlejò." "Àlejò ta ni?" "Àlejò mi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá. Ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú ilé, ìbéèrè lé ìbéèrè, ju ti obìnrin orí fóònù lọ. Oògùn àárọ̀ wo? Ti ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Bí o bá gbàgbé ńkọ́? Dókítà ní o lè bímọ? Kí ni kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kọ́kọ́ ṣe bí o bá ṣubú? Lẹ́yìn náà, ohùn ìyá rẹ̀ já. Ó ń sunkún. Akọ̀wé dìde, ó tún jókòó. Kò sí ẹni tó pè é.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ojú ìyá ti pọ́n. "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí," ó wí, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún un pé kò bà mí. Àmọ́ ó ti fi gbogbo rẹ̀ hàn mí, títí kan àpá àyà rẹ̀. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ká mú un wá bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù mìíràn." Ó wo ọmọ rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Kì í ṣe ìwọ ló máa kọ ọ́ o."

Ọ̀gá ló kọ ọ́. Wọ́n tún pe iléeṣẹ́ ti àkọ́kọ́ yẹn, obìnrin tí kò lẹ́rìn-ín tún béèrè, dókítà fọwọ́ sí i, ìwé jáde. Ní ìlà kẹsàn-án, Ọ̀gá so bébà méjì mọ́ ọn. Akọ̀wé jókòó sí tábìlì iwájú ní gbogbo àkókò náà, ó ń to ìwé tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, ìyá gba báàgì oògùn lọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi kọ́ ọrùn ara rẹ̀. "Èyí kò ní kúrò lójú mi," ó ní. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ìwọ, gbé aṣọ." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ pápákọ̀ òfurufú, ìyá àti àna rẹ̀ níwájú, apá nínú apá, Akọ̀wé lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù ẹni mẹ́ta. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Kò ráhùn. Ó ní ó tọ́ sí òun. Láti ọjọ́ tí òun ti lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà ti ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì pè é ní ohunkóhun ju Akọ̀wé lọ, kò sì tíì sọ bóyá òun ṣì máa fẹ́ ẹ.

Láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dúró. Àwọn èrò ń kọjá lápá ọ̀tún, lápá òsì. Ìyá di apá rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ kejì ti wà lórí síìpù báàgì oògùn.

"Kí ló dé? Ṣé àyà ni?"

"Àyà kọ́, Màmá," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí, ó sì yíjú sẹ́yìn. "Aya ni. Mò ń dúró dè é."